Màmá Ìwó Ń Bọ̀ Lóòótọ́

Clondalkin, Dublin
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹfà, ọdún 2006

Ruqoyyah, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ kò dùn ọ́ mọ́? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà lọ́dọ̀ àbúrò mi, àǹtí rẹ Mọ́nsúrátù, ní Finglas. Ara tèmi náà le, àfi pé ilé ti dákẹ́ jù. Àǹtí rẹ ni mo ní kó kà á sí ọ létí, torí o gbọ́ Yorùbá ju bí o ṣe lè kà á lọ, Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò sì lè gbé ọ̀rọ̀ yìí. Mọ́nsúrátù, jọ̀ọ́, má fo ibì kankan, kódà ibi tí ojú bá ti ń tì ọ́ nítorí mi.

Ọ̀rọ̀ náà rèé: Màmá Ìwó, ìyá mi, ń bọ̀. Wọ́n ti fún wọn ní físà. Aago méjì ọ̀sán Sátidé yìí ni ọkọ̀ òfurufú wọn máa balẹ̀. Mo gbọ́ pé àǹtí rẹ ti sọ fún ọ, o sì pòṣé, o ní èmi ni mo rán an. O kò jẹ̀bi. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí o kì í lọ sílé ìwé mọ́, tí o sùn síta lẹ́ẹ̀mejì tí n kò mọ ibi tí o wà, ẹ̀rù bà mí gan-an. Ẹnì kan júwe ibùdó kan fún mi lórí òkè ní Wicklow, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ tó ń ya pòkíì wọ igbó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n rìn, kí wọ́n dáná, kí ọkàn wọn rọ̀. Wọ́n ní n má sọ fún ọ, pé o máa sá. Nínú bébà tí mo fọwọ́ sí, kò síbi tí wọ́n ti bi ọ́ bóyá o fẹ́. Èmi náà kò bi ọ́. Mo ní ká lọ pàdé Màmá Ìwó ní pápákọ̀ òfurufú.

Ìwọ tí mo máa ń pariwo lé lórí kí o tó jí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo pè ọ́ lọ́jọ́ náà. O wọ ìró àti bùbá. Nínú mọ́tò, o ń kọ́ bí o ṣe máa kí wọn: "Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ kú ìrìn mà." O bi mí bóyá orúnkún méjèèjì ló gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojú kò tì mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni! Ibi ìgbọ́kọ̀sí la dé tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan láti ibùdó náà fi ṣílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ, tí wọ́n mú ọ lọ. O pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ti ní n má wẹ̀yìn, n kò sì wẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní bí a bá fọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra; ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di sítíárìn mú.

Lẹ́tà mẹ́ta ni o kọ sí mi látinú igbó. Wọ́n máa ń ṣí i kà kí n tó rí i, wọn á sì pè mí ṣáájú pé o wà grand, pé kò sí nǹkan tó ṣe ọ́, pé kò sí irọ́ tí ọmọ kò lè pa kó lè wálé. O kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ rẹ wú. O ní wọ́n sọ pé o ń fi ìrun kíkí sá fún iṣẹ́, pé wọ́n fi ìwọ nìkan sábẹ́ tapólì fún ọjọ́ méjì kí o lè ronú. Mo kà á, mo sunkún, mo sì gba àjèjì gbọ́ jù ọ́ lọ. Ohun tí wọ́n ní kí n kọ ni mo kọ sí ọ, pé ìgbà tí o bá yí padà ni wàá wálé. Háà, èmi Karimot! Nígbà tí wọ́n dá ọ padà, èékánná ẹsẹ̀ rẹ méjì ti bọ́, ọgbẹ́ ti ń rùn. Dókítà bi mí pé ṣé ọmọ yìí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni.

Láti ìgbà tí o ti kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ, ìrẹsì ẹni méjì ni mo ṣì ń sè. Tẹlifísọ̀n ni mo ń bá jà báyìí, kì í sì í dá mi lóhùn bíi tìrẹ. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ ìmọ́tótó mi ní pápákọ̀ yẹn láàárọ̀, mo máa ń yí gba ẹ̀yìn kí n má bàa kọjá níbi ìgbọ́kọ̀sí. Àárò rẹ ń sọ mí, Àbẹ̀kẹ́.

Wọ́n tọ́ mi dàgbà pé àgbà kì í jẹ̀bi lójú ọmọ. Mo jẹ̀bi. Jọ̀ọ́, má bínú. N kò torí ìyẹn ní kí o padà wálé.

Mo ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Màmá lórí fóònù. Wọ́n wá ní, "Orúkọ tèmi lo fi dẹ pańpẹ́ fún ọmọ?" Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti wọ̀ mí lẹ́nu.

Nítorí náà, n kò ní lọ pàdé wọn. Ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti rí ìyá mi gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí o bá rí mọ́tò mi níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbà. Kí ìwọ àti àǹtí rẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ. Kọ́kọ́ pe Màmá fúnra rẹ, kí o gbọ́ ọ lẹ́nu wọn kí o tó gbéra. Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa dé sí, wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ kí n wá kí wọn, ìwọ ni kí o ránṣẹ́ pè mí. Bí o kò bá fẹ́, n kò ní wá.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ní ìrìn. Kó má fi ọ́ lé ẹni tí kò ní gbọ́ igbe rẹ lọ́wọ́ mọ́, ìbáà jẹ́ èmi.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Karimot

Àfikún: Oṣù Kẹfà tibí kì í ṣe ti Ìwó. Súwẹ́tà kan wà lọ́wọ́ Mọ́nsúrátù tí mo rà fún Màmá. Ẹ mú un dání. Ẹ kò ní láti sọ pé èmi ni mo rà á.