Ẹ̀wà Mẹ́ta Inú Agolo

                                                  Ojúlé Kẹrìndínlógún,
                                                  Òpópónà Kẹta,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé-iṣẹ́ Búrẹ́dì.
                                                  Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹfà.

Bọ́tìnnì, ọ̀rẹ́ mi àtọkànwá,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn rẹ tí kì í jẹ́ kí ará ilé sinmi? Orúnkún tó ń dùn ọ́ níjọ́sí, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìtọ́jú ilé, mo sì kí ọ kú sùúrù, nítorí lẹ́tà rẹ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi tí n kò fèsì. Má bínú. Kì í ṣe ìgbéraga, ìtìjú ni.

Nínú èyí tó kẹ́yìn, o ní kí n bá ọ kí ọkọ mi, Bàbá Ekòló, o sì béèrè oko. Oko ti kú, Bọ́tìnnì. Jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ báyìí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po. Èmi ni mo sì pa á.

O rántí bí ọkọ mi ṣe rí nígbà tí wọ́n dá a dúró ní ilé-iṣẹ́ ọ̀dà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń fa èéfín ọ̀dà símú, ikọ́ nìkan ló sì rí gbé bọ̀ wálé. Odindi ọdún kan ló fi jókòó sórí àga kan náà, tó kọjú sí ògiri, tí mo ń gbálẹ̀ yí i ká bí ẹni pé ara àga ni òun náà. Àfi ìgbà tí tòmátì kan ṣàdédé hù lẹ́bàá kòtò omi ìdọ̀tí wa, tó sì lọ ń bomi rin ín. Ìwọ àti èmi fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá. Kò pẹ́ tó fi sọ ẹ̀yìnkùlé àti ilẹ̀ òfìfo ẹ̀gbẹ́ wa di oko, láìsí oògùn kankan, láìsí ajílẹ̀ inú ọ̀rá. Ewé jíjẹrà, eérú, èèpo inú ilé ìdáná, àti àwọn ekòló tó ń pè ní òṣìṣẹ́ òun. Ibẹ̀ ni àdúgbò ti sọ ọ́ ní Bàbá Ekòló. Ní ọdún kẹta, èmi tí mo ń bú u náà fi iṣẹ́ ìránṣọ sílẹ̀, nítorí mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ń kọrin nínú balùwẹ̀. Mo ní bí iṣẹ́ bá lè ṣe èèyàn báyìí, ó yẹ kí n tọ́ ọ wò. Mo tọ́ ọ wò, ó sì wọ̀ mí lára ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ.

Òfin kan wà tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni rú. Ajílẹ̀ yòówù tó bá ti ìta wá, inú agolo mílíìkì ló ń kọ́kọ́ wọ̀. Á gbin ẹ̀wà mẹ́ta sí i, á sì dúró ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Bí ewé ẹ̀wà bá tẹ́ dáadáa, ajílẹ̀ náà di ti oko. Bó bá ká kò, kó máa lọ síbi tó ti wá. Ó máa ń sọ pé ẹ̀wà kì í purọ́, èèyàn ló ń purọ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù Kejì, ikọ́ náà dá a dùbúlẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni alásè ilé-ìwé tó ń ra ọjà wa ní òun fẹ́ ìlọ́po méjì tòmátì. Ajílẹ̀ tiwa kò tíì jẹrà tán. Mo mọ̀ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ mí: èmi ni mo máa ń fẹ́ rán apá aṣọ kí agéṣọ tó gé e tán. Mo gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin olùtọ́jú ẹṣin tó wà lódìkejì afárá lọ. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnìkan fẹ́ bá òun kó ìgbẹ́ ẹṣin kúrò nílẹ̀. Mo bi í bóyá ó ń gún wọn lábẹ́rẹ́, ó ní rárá. Mo bi í bóyá wọ́n ń lo oògùn aràn, ó ní ó ti tó ọdún kan tí wọ́n ti lò ó kẹ́yìn. Mo bá rò pé mo gbọ́n. Bárò mẹ́sàn-án ni mo fi kó o.

Mo gbin ẹ̀wà mẹ́ta sínú agolo, mo gbé e sójú fèrèsé ilé ìdáná. Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n hù. Ọkọ mi béèrè láti orí ibùsùn pé, “Ẹ̀wà yẹn ńkọ́?” Mo ní wọ́n ti hù, wọ́n sì dára. Ó ní, “O ṣeun, ìyàwó mi. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, mo da ajílẹ̀ náà sí gbogbo ebè. Gbogbo rẹ̀! Mo fẹ́ kó dìde kó bá iṣẹ́ ní píparí. Nígbà tó yá, ewé ẹ̀wà inú agolo bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Mo ní ooru ojú fèrèsé ni. Mo dà á nù sẹ́yìn ọgbà, mo sì wọlé lọ sọ fún aláìsàn pé ewé tẹ́ pẹrẹsẹ.

Kó tó di ìparí oṣù Kẹrin, ewé tòmátì ti wé jọ bí ìka ọwọ́ arúgbó. Ẹ̀wà lọ́ mọ́ra, ata kò tanná. Ọkọ mi ti dìde nígbà yẹn. Ó ń ti ebè kan bọ́ sí òmíràn, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó wá ní inú irúgbìn òun ni àrùn wà. Irúgbìn tó ti ń ṣà pamọ́ láti ọdún mẹ́fà, Bọ́tìnnì, èso tó dára jù lọ ní ọdọọdún, tó ń sá, tó ń fi eérú pa mọ́ sínú ìgò, tó ń kọ ọjọ́ sí lára.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sáré padà lọ bá olùtọ́jú ẹṣin. Ó ní òun kì í gé koríko fúnra òun, oko ńlá kan lòun ti ń rà á, wọ́n sì máa ń fín oògùn tó ń pa èpò eléwé fífẹ̀ sí i. Oògùn náà kì í pa koríko, kì í pa ẹṣin, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde. Ó ní, “Ẹ dákun, ìyá, ẹṣin lẹ bi mí. Ẹ ò bi mí ní ti koríko.”

Mo ń bọ̀ wálé, mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Mo bá ọkọ mi lẹ́yìnkùlé, ó ti dáná sínú àgbá irin lọ́sàn-án gangan. Ó ní kí n bá òun gbé àwọn ìgò náà jáde. Mo gbé wọn jáde. Mọ́kànlá ni wọ́n. Èmi ni mo ń nà án sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, á ka ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ sókè kó tó dà á sínú iná. Ní gbogbo ìgbà, mo ń sọ lọ́kàn mi pé bí èyí bá tán, n ó sọ̀rọ̀. Ó tán, n kò sọ. Ẹ̀rù ló bà mí, n kò ní fọ̀rọ̀ bò. Nígbà tó yá, mo rántí pé a fún ìwọ ní ẹ̀wà irúgbìn díẹ̀ lọ́dún tó kọjá, inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan. Àfi bí mo ṣe rántí pé o kọ̀wé pé o ti sè é jẹ, pé ó dùn bí oyin. Mo rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹkún.

Ọjọ́ kẹrin rẹ̀, ó jáde nínú yàrá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ ọ̀dà lọ́rùn. Ó ní òun fẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi òun ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ibi èéfín yẹn, pẹ̀lú ikọ́ yẹn! Ó ní ọwọ́ tó pa gbogbo nǹkan wọ̀nyí kò yẹ ilẹ̀, pé iṣẹ́ oko tí òun pè ní ìpè Ọlọ́run, àṣìṣe òun lásán ni. Ibẹ̀ ni mo ti kúnlẹ̀, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: agolo, ooru ojú fèrèsé, koríko.

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó kàn ní, “Ọjọ́ wo lo mọ̀?” Mo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní, “Kí á tó dáná ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?” Mo ní kí á tó dáná. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ náà, ó so ó kọ́, ó sì lọ sóko.

Obìnrin onímọ̀ ọ̀gbìn tí a pè wá yẹ ilẹ̀ wò ní ó lè tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí tòmátì àti ẹ̀wà tó lè ṣe dáadáa níbẹ̀, pé àgbàdo nìkan ni ká ṣì máa gbìn. Àgbàdo náà ló gbìn. Alásè ti wá ẹlòmíràn. Ọkọ mi ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń kí mi káàárọ̀, kò tíì fi ọ̀rọ̀ náà gún mi lára rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní mo ti ti ilẹ̀kùn, á lọ mì í wò. Bí mo bá ní òjò ń bọ̀, á jáde lọ wo ojú ọ̀run. Kì í ṣe ti ìbínú, mo mọ ìbínú rẹ̀. N kò rò pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí gbogbo àwọn tó kù ní yàrá ìránṣọ, kí o sọ fún wọn pé ara mi le. Bí o bá máa fèsì, kọ ọ́ sí àwa méjèèjì, má fi ohunkóhun pa mọ́ nítorí mi.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ báyìí, mo pe ọkọ mi pé omi ìwẹ̀ rẹ̀ ti gbóná. Ó ní o ṣeun, ìyàwó mi. Ó wá wọ ilé ìdáná, ó ṣí ìdérí ìkòkò, ó sì ti ìka bọ̀ ọ́ wò.

                                                  Èmi ni, tìrẹ láìyẹ̀,
                                                  Abẹ́rẹ́.