Ọwọ́ Ọláyẹmí Ti Kan Etí

Edith Àṣàbí, ìyàwó wa, ìyá Tinúkẹ́, ìyá ìbejì, ìyá Ọláyẹmí! Ọdún márùn-ún rèé tí o ti lọ. Ọdún márùn-ún gbáko, a ò sì ṣe ìrántí rẹ rí. Kì í ṣe pé a gbàgbé rẹ. Ta ní lè gbàgbé? Irọ́ kan ni gbogbo wa jọ pa nínú ilé yìí, irọ́ náà ni kò jẹ́ ká lè pe orúkọ rẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ikú. Lónìí, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1973, a pè é sókè. Jẹ́ ká ro bó ṣe jẹ́ fún ọ.

Tinúkẹ́ tí o fi sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti di ọlọ́mọge. Ó ti ga ju Àpèkẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Máṣìnnì ìránṣọ rẹ kò dípẹtà. Òun ló jókòó tì í, òun ló ń fi rán bùbá fún àwọn ìyàwó ilé. Ilé tí o pọn omi sí amọ̀ rẹ̀ nígbà tí a ń mọ ọ́n ti parí. Páànù ti wà lórí rẹ̀, sìmẹ́ǹtì ti wà nílẹ̀ yàrá. Táyé àti Kẹ́hìndé ti pé ọdún mẹ́wàá, wàhálà wọn sì ti pé ogún. Bí Táyé bá ṣẹ̀, Kẹ́hìndé ni yóò lọ jẹgba rẹ̀, wọ́n á sì jọ máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé. Nínú ìlú Igbó-Ọrà wa tí ìbejì pọ̀ sí tó báyìí, ìwọ nìkan lo máa ń dá tìrẹ mọ̀ láti ẹ̀yìn.

Ọkọ rẹ ńkọ́? Àṣàbí, ọkọ rẹ kò jókòó mọ́ o! Zachariah Akínladé, tíṣà, ẹni tó ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹni jẹ́jẹ́ tí gbogbo ìlú mọ̀! Ọjọ́ tí o lọ ni ìjókòó ti kúrò lára rẹ̀. Orí ìdúró ló ti ń jẹun. Á ti fèrèsé, á tún padà lọ wò ó bóyá ó tì. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ọlọ́mọ gan-an ló ń kà á: mẹ́rin, ó pé. Kò ní tíì dé ẹ̀yìnkùlé kó tó tún bẹ̀rẹ̀: mẹ́rin. Àpèkẹ́, tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní Ayétẹ̀ tó wá bá a tọ́ wọn, ní bí òun bá gbé àga fún un, àga ọ̀hún ni yóò rẹ̀ kó tó jókòó.

Ohun tó ń lé e káàkiri kò ju ẹyọ kan lọ. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ dé láti ọsibítù ní Ìbàdàn, Ọláyẹmí kò tíì pé ọdún kan àbọ̀. Ọmú rẹ ló ṣì ń wá. A gbé e lọ sọ́dọ̀ Rùkáyàt aládùúgbò wa kó má baà rí pósí. Nígbà tí a gbé e padà, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ, ó ń pè ọ́. Ara Àpèkẹ́ kò gbà á mọ́. Ó ní, “Màmá ti lọ sí Ìbàdàn. Á ra búrẹ́dì bọ̀.”

Ọ̀rọ̀ àtirẹ ọmọ lẹ́kún lásán ni. Ta ní máa ń sọ ọ̀rọ̀ ikú fún ọmọ tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì? Gbogbo wa ní bó bá dàgbà díẹ̀ a ó sọ fún un. Ó dàgbà díẹ̀, a ní ó kù díẹ̀. Ọdún yí po, a tún ní ó kù díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ilé àdúrà ni ilé yìí. O ṣáà rántí agogo aago mẹ́fà àárọ̀. A kò fi í sílẹ̀. A ó jókòó sórí ẹní, Tinúkẹ́ á dá orin, àwọn ọmọ á gbàdúrà láti orí àgbà dé orí kékeré. Láti ìgbà tí Ọláyẹmí ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, ọ̀kan ṣoṣo ni àdúrà rẹ̀: “Jésù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú Màmá bọ̀ láti Ìbàdàn.” A ó ṣe “Àmín” kíkankíkan. Ọkọ rẹ nìkan ni kò ṣe é rí. Ikọ́ ló máa ń bá a lójijì. Ọkùnrin tó ń na ọmọ ilé ìwé lẹ́gba nítorí irọ́ tí kò tó nǹkan!

Ó wá ku Búrẹ́mọ̀, awakọ̀ tó ń kó ẹ̀gúsí lọ sí Ìbàdàn. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ti dúró níwájú ilé ni Ọláyẹmí ń sáré jáde, bàbá rẹ̀ á sì sá tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kan ó di ṣòkòtò Búrẹ́mọ̀ mú, ó bi í bóyá ó rí Màmá òun lọ́hùn-ún. Mùsùlùmí òdodo ni Búrẹ́mọ̀, kì í fi ààwẹ̀ ṣeré, ṣùgbọ́n àánú ọmọ ṣe é. Nígbà tó tún ń ti Ìbàdàn bọ̀, ó mú odidi búrẹ́dì kan wá, ó ní, “Màmá ẹ ní kí n fún ẹ. Ó ní ṣé o wà dáadáa.” Háà, ọmọ yìí jó! Láti ìgbà náà, kò sí ìgbà tó ń bọ̀ tí kò mú búrẹ́dì lọ́wọ́. Rùkáyàt mọ̀. Pásítọ̀ mọ̀. Gbogbo àdúgbò jọ ń jẹ búrẹ́dì irọ́, ó sì ń dùn lẹ́nu wa.

Ibojì rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, lójú títì. Nítorí Ọláyẹmí, ọ̀nà ẹ̀yìn ni a ń gbà lọ sí ìsìn, láàárín oko ẹ̀gẹ́, ìrì á rẹ bàtà gbogbo wa. Ọkọ rẹ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ sára sìmẹ́ǹtì tútù, gàdàgbà. Tíṣà sì ni. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ní A, B, D. Ó mọ̀ pé bí Ọláyẹmí bá ti wọ ilé ìwé, kò ní pẹ́ tí yóò fi ka orúkọ yẹn fúnra rẹ̀. Kí ọmọ tí òun kọ́ ní ìwé wá kà á lára ibojì pé òpùrọ́ ni bàbá òun! Ìdí nìyí tí kò fi lè jókòó.

Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ sí ilé ìwé níbí. Ọmọ á gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá àárín orí. Bó bá kan etí òsì, ó ti tó nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ Ọláyẹmí kò kan etí. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Níbi tí ọkọ rẹ ti ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu òun náà: “Dákẹ́. Bó bá kan etí lọ́dún tó ń bọ̀, inú Màmá ẹ á dùn tó bá rí i.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí òun fúnra rẹ̀ fi kún irọ́ náà nìyẹn, ó sì tó.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ọjọ́ ìwọlé pé. Ọláyẹmí tò sórí ìlà, ọkọ rẹ gan-an ló ń wo ọwọ́ àwọn ọmọ. Ọwọ́ kọjá orí, ó kan etí! Ó pariwo, “Ó kàn án o! Bàbá, ó kàn án!” Àwọn tíṣà rẹ́rìn-ín, ọkọ rẹ náà rẹ́rìn-ín. Ó kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé, ó ní kó máa lọ bá Àpèkẹ́ nílé, ó yíjú sí ọmọ tó kàn.

Nígbà tó dé ilé lọ́sàn-án, ó ka àwọn ọmọ. Mẹ́ta. Ó tún un kà. Mẹ́ta! Àṣàbí, ariwo tí ọkọ rẹ pa lọ́jọ́ náà, a ò gbọ́ irú rẹ̀ lọ́jọ́ tí o kú pàápàá. Ó ṣí kànga. Ó dé ilé Rùkáyàt, ó dé ìdí ẹ̀rọ gàrí, ó dé odò. Bàtà ẹsẹ̀ kan bọ́, kò dúró mú un. Àpèkẹ́ káwọ́ lérí lójú títì, ó ń ké, “Ẹnu mi ni! Ẹnu mi tí mo fi dárúkọ Ìbàdàn!”

Inú mọ́tò Búrẹ́mọ̀ ni Ọláyẹmí wà. Ó ti wọ gáùn ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń di ẹrù, ó fara pamọ́ sáàárín àpò ẹ̀gúsí. Ẹ̀rúwà ni wọ́n ti fẹ́ já ẹrù kan kalẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Ó ti sùn lọ, eruku ti sọ irun rẹ̀ di pupa. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà lórí, ó di etí òsì mú. Nígbà tí wọ́n jí i, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun kó má lọ kàn án mọ́ kí Màmá tó rí i.

Búrẹ́mọ̀ yí mọ́tò padà. Àwọn èrò ń kùn, ó ní ẹni tó bá ń kánjú kó sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ jókòó tì í níwájú, ó ń bi í léèrè láti Ẹ̀rúwà dé Lánlátẹ̀, láti Lánlátẹ̀ dé Igbó-Ọrà. Ilé wo lẹ ti ń gba búrẹ́dì yẹn? Ta ní ń ṣílẹ̀kùn fún yín? Kí ló dé tí Màmá ò bá yín wọ mọ́tò bọ̀? Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Búrẹ́mọ̀ ṣí fìlà, ó ní, “Tíṣà, ẹ forí jì mí. Mi ò lè ra búrẹ́dì yẹn mọ́. Ó ti tó ogún ọdún tí ọlọ́pàá ti ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà yìí, ojú ò tì mí tó báyìí rí.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa kò ju ọdún márùn-ún lọ. A rò pé ọkọ rẹ máa mú ẹgba. Kò mú un. Ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, bàtà ní ẹsẹ̀ kan, òfo ní ẹsẹ̀ kejì, ó gba ọ̀nà iwájú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A tẹ̀ lé wọn, a dúró díẹ̀ sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibojì rẹ, ó mú ìka ọmọ, ó fi tọ lẹ́tà orúkọ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

“Orúkọ Màmá ẹ rèé,” ló wí. “Ibí ló wà. Ó ti kú, Ọláyẹmí. Ó ti kú láti ìgbà tí o ò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa.”

Ọmọ wo sìmẹ́ǹtì, ó wo bàbá rẹ̀. “Ta ló wá ń fi búrẹ́dì ránṣẹ́ sí mi?”

“Búrẹ́mọ̀ ni.”

“Ẹ mọ̀?”

“Mo mọ̀. Mo purọ́ fún ọ.”

Ọmọ wá kọjú sí ibojì rẹ, ó gbé ọwọ́ kọjá orí, ó di etí mú, ó dúró bẹ́ẹ̀ gbọnin. Ó ní, “Ṣé Màmá ń rí i?” Àṣàbí, ọkọ rẹ tó ń dáhùn gbogbo ìbéèrè nínú Bíbélì ní, “Mi ò mọ̀.” Lẹ́yìn náà ló sunkún. Láti ọdún márùn-ún, a ò rí omi lójú rẹ̀ rí.

Àfi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Bí àdúrà bá ti kan Ọláyẹmí láàárọ̀, á dákẹ́. Kò fẹnu kan búrẹ́dì mọ́. Ó ń wọ aṣọ ilé ìwé tí Tinúkẹ́ fi máṣìnnì rẹ rán fún un, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò sì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ju “ẹ káàárọ̀ sà” lọ. Ìrìn ọkọ rẹ wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó sọ fún Àpèkẹ́ pé ẹnì kan ni ikú mú lọ́wọ́ òun, òun sì ti fi ọwọ́ ara òun sọ ẹnì kejì nù.

Lónìí, ọ̀nà iwájú ni gbogbo wa gbà lọ sí ìsìn, a sì dúró lẹ́bàá rẹ. Nígbà tí a dé ilé, pálọ̀ kún. Pásítọ̀ wà níbẹ̀. Rùkáyàt fi gèlè bo orí, ó jókòó ti Àpèkẹ́. Búrẹ́mọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí Tinúkẹ́ ṣe dá orin tí o fẹ́ràn ni mọ́tò kan dúró níwájú ilé, ó fọn fèrè.

Gbogbo wa wo Ọláyẹmí. Kò mira.

Ọkọ rẹ ló dìde! Ìwé orin ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti dé àárín pálọ̀, ó na ọrùn sí títì. Háà, Àṣàbí! Gbogbo ìgbà tó fi ń sá tẹ̀ lé ọmọ jáde, a rò pé ọmọ nìkan ló ń retí rẹ.

Ọláyẹmí dìde, ó lọ fa etí agbádá rẹ̀. “Bàbá, ẹ jókòó. Wọn ò sí nínú ẹ̀.”

Ó jókòó. Ọmọ gun orí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì dìde títí orin fi tán. Àdúrà bẹ̀rẹ̀, Tinúkẹ́ gbà á, àwọn ìbejì gbà á. Ó kan Ọláyẹmí. A rò pé yóò dákẹ́. Ó dijú, ó ní, “Jésù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ó ti kàn án.”

Ọkọ rẹ ló kọ́kọ́ ṣe Àmín. Kò sí ikọ́ kankan níbẹ̀.

Edith Àṣàbí, àárò rẹ ṣì ń sọ wá. Ó ń sọ wá nídìí máṣìnnì, ó ń sọ wá lórí ẹní àdúrà. A fẹ́ràn rẹ nígbà tí a ń purọ́, a sì fẹ́ràn rẹ nísinsìnyí tí a ti jẹ́wọ́. A ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé o lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀nà iwájú ni a ó máa gbà wá kí ọ.