Ọmọ Méje Tí Mo Yàn Sínú Kọ̀ǹtéénà

Èmi ni mo parọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó yí ọkàn padà. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé Agége ni mò ń gbé... ó ti bọ́ lẹ́nu mi, ẹ fi síbẹ̀, Agége tóbi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bú mi, ẹ tò sórí ìlà, mo ti ń bú ara mi ṣáájú yín. Àmọ́ ẹni tó bá kàn fẹ́ kọ “it is well” sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, kó jọ̀ọ́ kọjá lọ, torí kò well rárá. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ọ̀la sì ni ọ̀rọ̀ náà máa bẹ́.

Mò ń tọ́jú ọmọ ní crèche kan níbí, èyí tí àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ láwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ọ̀nà Ìkẹjà máa ń gbé ọmọ wọn sí láàárọ̀ kùtù. NCE ni mo ní, ẹ̀kọ́ nípa ọmọ wẹ́wẹ́ gan-an ni mo sì kà. Ṣé ẹ rí i pé ìyẹn ló tiẹ̀ wá burú jù? Mo mọ iye ọmọ ìkókó tó yẹ kí ẹnì kan máa tọ́jú. Mo mọ̀ pé ojú gbọ́dọ̀ wà lára ọmọ tó bá ń sùn. Ọmọ ìkókó mẹ́tàdínlógún la ní, èmi àti aunty kan péré la sì ń tọ́jú wọn. Obìnrin tó ni ibẹ̀, Mummy Director là ń pè é, máa ń sọ pé ọmọ tó bá ti sùn kò nílò èèyàn. Tẹ́lẹ̀, “wọ́n” ni mo máa ń pè é tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, torí ó jù mí lọ dáadáa. Mi ò ṣe ìyẹn mọ́.

Nǹkan kan wà tí a máa ń ṣe níbẹ̀ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Chart kan wà tó yẹ kí á máa kọ nǹkan sí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: aago tó jẹun, aago tó sùn, pé a lọ yẹ̀ ẹ́ wò lójú oorun, aago tó jí. Àwa méjì, ọmọ mẹ́tàdínlógún, ìgbà wo la fẹ́ ráyè kọ ọ́? Nítorí náà, aago méje àárọ̀ ni mo ti máa ń kọ gbogbo ọjọ́ náà tán. Kí ọmọ tó sùn, mo ti kọ ọ́ pé ó jí. Ó ti mọ́ mi lára débi pé mi ò rò ó mọ́.

Wọ́n wá ránṣẹ́ pé àwọn inspector ìjọba ń bọ̀ ní Wednesday. Mummy Director pè mí sí office ẹ̀, ó na ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ohun tó yẹ kó wà ní crèche sí mi, ó ní, “Ìwọ tó o kàwé, sọ fún mi bá a ṣe máa pass.” Mo lè parọ́ fún yín báyìí pé òun ló ronú ẹ̀. Èmi ni. Èmi ni mo sọ fún un pé tí a bá gbé ọmọ méje kúrò nínú yàrá, tí cleaner sì wọ apron tiwa, ohun tó wà nílẹ̀ máa bá ìwé mu. Ó ní ìwé tí mo kà ò ṣòfò. Orí mi wú! Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Kọ̀ǹtéénà onírin kan wà lẹ́yìn crèche tí àbúrò Mummy Director fi ń ṣe irun tẹ́lẹ̀, àwọn dryer àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. A tẹ́ ẹní, a gbé fáànù oníbátìrì kékeré kan síbẹ̀, a kó ọmọ méje wọlé, Ìyá Sàkírà tó ń se oúnjẹ wa jókòó tì wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni Tiwa, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ gan-an nìyẹn, ọmọ oṣù mẹ́wàá. Ó máa ń tapá lójú oorun, nítorí náà wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn dryer kó má bàa jí àwọn tó kù.

Àwọn inspector dé. Wọ́n wo ògiri tá a kùn, wọ́n ya fọ́tò fire extinguisher, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ẹni tó ń se oúnjẹ. Mummy Director fi fóònù pe Ìyá Sàkírà, ìyẹn fi àwọn ọmọ tó ń sùn sílẹ̀, ó wá. Food flask mẹ́tàdínlógún ló tò sórí ṣẹ́ẹ̀fù, ọmọ mẹ́wàá ló wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ wá láti ìjọba, kí lẹ wá wò gan-an?

Bí wọ́n ṣe lọ báyìí la sáré lọ kó àwọn ọmọ. Ìyá Sàkírà gbé méjì, aunty kejì gbé méjì, èmi náà gbé méjì. Ìyá Sàkírà ti ilẹ̀kùn pa. Ó bi mí bóyá wọ́n ti pé. Ẹ̀yin èèyàn mi, chart ni mo wò. Mo rí i níwájú orúkọ Tiwa pé ó sùn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó jí. Ọwọ́ èmi fúnra mi ló kọ ọ́ láàárọ̀. Mo ní wọ́n ti pé.

Ìgbà tá a fẹ́ fún wọn lóúnjẹ ọ̀sán ni mo rí flask pupa kan tó ṣẹ́kù. Mo ń pe Tiwa, Tiwa, nínú yàrá, bí ẹni pé ọmọ oṣù mẹ́wàá máa dáhùn... Mo sáré. Oòrùn ti pa kọ̀ǹtéénà yẹn, fáànù ti kú. Ọmọ yẹn ti sunkún títí ohùn ẹ̀ fi há, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, kò sí ohùn kankan níbẹ̀. Aṣọ ẹ̀ rin gbingbin. Mummy Director ní kí á fi omi nù ún, ó wá ní kí n pe ìyá ẹ̀, kí n sọ fún un pé ọmọ gbé ibà wá láti ilé.

Mo pè é. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì ni ìyá Tiwa ń ṣiṣẹ́, ó sá wá pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń bo irun lórí ẹ̀. Ó bi mí bóyá ara ọmọ ti gbóná nígbà tó gbé e fún mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi gbé ọmọ yẹn wá láàárọ̀, ó mọ̀ pé ara ọmọ tutù, síbẹ̀ èmi ló gbà gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara ẹ̀ láyà, ó ń sọ pé báwo ni òun ò ṣe mọ̀.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi dá ọmọ dúró ní hospital, wọ́n ní omi ti tán lára ẹ̀. Ara ẹ̀ ti yá báyìí, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ẹ̀ ti dé láti Èkìtì. Wọ́n ní obìnrin tó lè gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn jù sílẹ̀ nítorí bisikíìtì kò yẹ lẹ́ni tó ń tọ́mọ, àwọn máa gbé Tiwa lọ sí Èkìtì lọ́la, Saturday. Ti ìyá ẹ̀ ni ọkọ ń ṣe. Ọmọ yẹn ṣì ń mu ọmú o! Èmi ni ìyá Tiwa wá ń bẹ̀. Ó kó bisikíìtì fífọ́ tí wọ́n ń pín fún wọn níbi iṣẹ́ wá fún mi, ọ̀rá ńlá kan, ó ní kí n jọ̀ọ́ wá bá ìyá ọkọ òun sọ̀rọ̀ pé òun máa ń tọ́jú ọmọ òun. Ó ní òun ò ní ẹlẹ́rìí míì. Àní èmi ni ẹlẹ́rìí! Àwọn ọmọ tí à ń tọ́jú ní crèche ló jẹ bisikíìtì yẹn, èmi ò lè fi ẹnu kàn án.

Ẹ sọ fún mi, kí ni mo fẹ́ wí níbẹ̀? Tí mo bá sọ pé ìyá gidi ni, ṣé ìyẹn á pa ibà tí mo fi sí i lọ́rùn rẹ́? Ohun kan ṣoṣo tó lè jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ yẹn sílẹ̀ fún un ni kí n sọ pé irọ́ ni mo pa. Mummy Director ti mọ̀ pé mò ń rò ó. Ó ti gbé certificate tí ìjọba fún wa pé a pass kọ́ ara ògiri, ó ti sọ mí di olórí àwọn olùtọ́jú, ó wá rọra bi mí pé ọwọ́ ta ló kọ chart? Ọwọ́ mi ni. Ọmọ tèmi náà wà ní crèche yẹn, ọ̀fẹ́ ni, ibo ni mo fẹ́ gbé e sí tó bá lé wa?

Mo fẹ́ dákẹ́ síbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò tíì jẹ́wọ́ tán. Ẹ ò bi mí bí mo ṣe yan àwọn méje yẹn. Ọmọ tèmi kò sí níbẹ̀ o. Iwájú ló jókòó sí, mo wọ aṣọ tuntun fún un. Ọmọ obìnrin kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú, torí ìyá ẹ̀ máa ń bi wá ní ìbéèrè. Àwọn tí mo yàn ni àwọn tí ìyá wọn máa ń sáré wá pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì lórí, tí wọ́n á ní “ẹ ṣé o, Aunty”, tí wọn kì í wo inú yàrá. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo jókòó, mo fi bírò fa ìlà sábẹ́ orúkọ wọn.

Nítorí náà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ lọ́la, kí n sọ gbogbo ẹ̀ níwájú ìyá ọkọ ẹ̀, kí wọ́n sì fi ọlọ́pàá mú mi? Àbí kí n pa fóònù mi, kí n jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ? Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́ ni text ẹ̀ wọlé, ó ní, “Aunty, aago mẹ́wàá o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé mi ò fi ọmọ mi ṣeré.” Kí ni kí n kọ padà sí i?