Kí Pálọ̀ Alága Ṣófo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ràímì, ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa lọ. Mo kí Ràímì nídìí òfì rẹ̀, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo kí gbogbo ará Ìṣẹ́yìn. Ọyẹ́ ti dé sí Kàdúná, ètè mi ti là, ilé sì dá fún àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀, inú mi dùn lónìí. Ìdùnnú náà kò mọ́ tó. Ìdùnnú ẹni tó gbẹ̀san ni.

Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tí Alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi du Ṣìkírá, ọmọ Ràímì, ọmọ náà ti rí òmíràn. Ilé-iṣẹ́ ahunṣọ kan níbí ni yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe rẹ̀ títí yóò fi jáde.

N kò gbàgbé ohun tí ẹ ròyìn fún mi. Ẹ kúnlẹ̀ ní pálọ̀ ọkùnrin náà, ẹ̀yin tí ẹ lè bí i. Ó wo èsì ìdánwò ọmọ, ó ní ipò kẹfà kẹ̀, pé kí ẹ lọ wá ọkọ fún un, owó ìlú kì í ṣe sàráà. Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó tì í ní kí ìyá má sunkún, bí ẹ̀kọ́ bá tán, ẹ̀kọ ṣì wà lọ́jà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ó dùn mí jù nítorí pé irú wọn ni èmi náà. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ẹni kìíní dé ẹni kẹta nìkan ni mo ń jẹ́rìí fún bí wọ́n bá ń wá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́. Àwọn yòókù, mo ní kí wọ́n máa lọ sóko.

Nígbà tí Ṣìkírá dé ọ̀dọ̀ mi, n kò jẹ́ kó sún mọ́ ẹ̀bùn àwọn ọmọ ipò kìíní, níbi tí gbogbo ọlọ́pọlọ pípé ilẹ̀ yìí ti ń ti ara wọn. Mo ń béèrè ẹni tó ń wá ọmọ tó mọ nǹkan kan dáadáa. Ilé-iṣẹ́ yìí ń wá ẹni tó yege nínú kẹ́mísìrì, tó sì mọ òwú; Ṣìkírá ní méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń tì wá lójú, ẹ̀gbọ́n: nígbà tí wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọmọ náà fẹ́ sọ pé oníṣòwò ni bàbá òun! Ó ní ẹ̀yin lẹ kìlọ̀ pé kí òun má dárúkọ òfì níwájú àwọn ọ̀gá. Mo ní kó sọ ọ́ síta pé ahunṣọ ni Ràímì, òun ló sì ń ká òwú fún un láti kékeré. Ó sọ ọ́. Wọ́n gbà á.

N kò dárí ji Alága, n kò sì ní í ṣẹ́ èpè fún un. Agbára rẹ̀ kò ju pé ẹ rò pé bí kò bá bu omi fún yín, kò sí odò mìíràn. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yín yìí sínú ìwé ìròyìn, kí àwọn ìyá mìíràn lè rí i kà. Ọmọ tó ṣe ipò karùn-ún tàbí ìkẹwàá, kó wo ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, kó wá ẹni tó ń fẹ́ irú rẹ̀. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ń wá ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ń ran ọmọ lọ́wọ́ lẹ́yìn ọdún kìíní, bó bá ṣe dáadáa. Ẹni tí kò bá mọ̀nà, kó béèrè lọ́wọ́ mi.

Kí Alága jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn arẹ́rìn-ín rẹ̀, kí wọ́n máa wo ẹnu ọ̀nà, kí ìyá ọlọ́mọ kankan má wọlé.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ fi ẹ̀yìn pọ̀n,
Lásísì