Mo Ti Gbá Yàrá Rẹ fún Ẹni Tí Wọ́n Kó Lẹ́rú

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le, ṣé ìyàwó ń tọ́jú ẹ, ṣé ọmọ-ọmọ mi ń jẹun? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọ́fíìsì gbóná mọ́ ẹ. Ara tèmi náà dá, àfi orúnkún, àti maṣíìnì ìránṣọ mi tó ń já òwú.

Ọ̀rọ̀ tó gba rédíò kan báyìí ni pé kí àwọn òyìnbó tó kó èèyàn wa lẹ́rú wá tún un ṣe. Àwọn kan ní dandan ni, àwọn kan ní àwọn tó ṣe é ti kú. Mo ní ilé tí wọ́n fi èrè rẹ̀ kọ́ ńkọ́, ṣé òun náà ti kú ni?

Akọ̀wé káńsù wá gbé fọ́ọ̀mù wá, pé kí ìdílé tí wọ́n kó èèyàn wọn kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ẹ̀gbọ́n ìyá-ńlá ìyá-ńlá wa, ọmọdébìnrin tí wọ́n gbé níbi tó ti ń pọnmi. Wọ́n bèèrè àdírẹ́sì rẹ̀, mo ní kí wọ́n bi ẹni tó gbé e. Wọ́n bèèrè ohun tí a fẹ́ gbà, àwọn aládùúgbò kọ títì, èmi kọ ọ́ pé kí wọ́n dá a padà. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí, ó ní màmá, ó ti kú tipẹ́. Mo ní kò burú, kí wọ́n dá àwọn ọmọ ẹ̀ padà.

Ni mo bá gbá yàrá rẹ dè wọ́n. Má bínú o, ọdún kẹta rèé tí o ò ti sùn síbẹ̀. Mo rán gáùn kan sílẹ̀ fún èyí tó bá kéré nínú wọn, ìwọ̀n ọmọ rẹ ni mo lò, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n nínú fọ́tò tó wà lórí fóònù. Gáùn náà ò gba ju ọmọláńgidi lọ.

Tíṣà kan ládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìntì ní àríyànjiyàn yìí lè pẹ́ dé ìgbà ayé ọmọ rẹ, kó tó lójú. Mo ní n óò máa gbá yàrá náà lọ.

Ṣùgbọ́n ó dùn mí bí mo ṣe ń gbálẹ̀. Ipá ni wọ́n fi mú ọmọ yẹn, gbogbo ayé sì ń jà nítorí ẹ̀. Ìwọ ńkọ́, tó jẹ́ èmi ni mo fún ẹ lówó ọkọ̀ tí o fi lọ? Fọ́ọ̀mù wo ni kí n kọ tìẹ sí?

Jọ̀ọ́, mo nílò owó abẹ́rẹ́ maṣíìnì àti ti àtúnṣe ilẹ̀kùn yàrá rẹ. Má fi ránṣẹ́ sórí fóònù o, ó ń sọ pé òun ti kún, owó ò ní ráyè wọlé. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá, kí o gbé ọmọ náà dání, kí n lè wọ̀n ọ́n dáadáa.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á sì rántí ṣe ètò àbọ̀.

Èmi ìyá rẹ, tí mi ò tí ì ti ilẹ̀kùn.