Bíréèkì Kejì Inú Mọ́tò Ìjàpá

Ojú Ore,
Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2011.

Ṣùkúrátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara gbogbo yín le? Ṣé òjò ti ń dáwọ́ dúró ní Ìlọrin? Tiwa níbí kò tíì sinmi. Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló máa ń bá mi jà láàárọ̀, tó bá sì di ọ̀sán, a ti parí ìjà. Àlùhámúdúlílàhì, a kò rójú, a kò ráyè, ṣùgbọ́n a wà láàyè.

Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, bí mo bá ti dárúkọ mọ́tò bàbá rẹ báyìí, nẹ́tíwọ̀kì Ìlọrin á dédé bàjẹ́. N kò rí irú nẹ́tíwọ̀kì tó mọ ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Jọ̀wọ́, kà á dé ìparí, nítorí ìwọ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

O mọ ibi tí a gbé mọ́tò náà, Ìjàpá, sí láti ìgbà tí bàbá rẹ ti fi wá sílẹ̀, lórí ilẹ̀ Afọlábí lẹ́yìn ilé wa, lábẹ́ igi máńgòrò. Afọlábí ti ta ilẹ̀ náà fún ìjọ kan tó fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn tuntun. Bí Ọ̀tà ṣe rí báyìí nìyẹn, ilẹ̀ tó ṣófo lónìí, bí o bá padà débẹ̀ lọ́la, wàá bá pátákó ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, tàbí ti ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé. Àwọn ará ìjọ náà kò ṣe ìkà. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ gíláàsì ọkọ̀ náà pé kí ẹni tó ni ín wá gbé e. Ìsẹ́yìn ni mo wà nígbà náà, níbi òkú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Nígbà tí mo dé, mọ́tò kò sí mọ́. Ojú ilẹ̀ tí oòrùn kò kàn láti ọjọ́ pípẹ́ nìkan ni mo bá, koríko ibẹ̀ funfun, ó sì rí roboto gẹ́lẹ́ bí ara Ìjàpá.

Ìwọ náà mọ̀ mí. Bí nǹkan bá sọnù, ẹkún kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá, ìbéèrè ni. Ta ló gbé e? Báwo ni wọ́n ṣe gbé e nígbà tí gbogbo táyà rẹ̀ ti jo tán? Ọ̀nà ibo ni wọ́n gbà? Bàbá rẹ máa ń sọ pé bí wọ́n bá ń sin mí lọ́wọ́, màá ṣì bi ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ pé báwo ló ṣe jìn tó. Ọlọ́dẹ ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún mi pé ọkọ̀ àwọn oníkọ̀ndẹ́mù, àwọn tó ń kó irin àlòkù, ló wọ́ ọ lọ sápá Ṣàngó. Mo wé gèlè mi, mo jáde.

Má bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi mọ́tò tí kò ní ẹ́ńjìnnì ṣe. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lọ́jọ́ náà ló bi mí. Inú mọ́tò yẹn ni bàbá rẹ ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ ju inú ilé lọ, tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà. Bí mo bá ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, tí mo gbójú sókè, tí mo rí i, ọkàn mi máa ń balẹ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n yọ́ ọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà.

Mo wọ ọgbà irin kan, mo jáde, mo wọ òmíràn. Lẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ níbẹ̀, ọgbà kọ̀ndẹ́mù pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo rí i níkẹyìn lẹ́yìn òkìtì fìríìjì. L pupa ti akẹ́kọ̀ọ́ ọkọ̀ ṣì wà níwájú rẹ̀, SÙÚRÙ tí bàbá rẹ fi ọ̀dà funfun kọ sẹ́yìn rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Ìgbà yẹn ni ẹkún wá dé, Àbẹ̀kẹ́. Mo fi ọwọ́ lé e lórí, mo sunkún dáadáa.

Ọ̀ṣìnúbí ló ni ọgbà náà, ọmọ bíbí Ọ̀tà, ọkùnrin gàgàrà kan tó ní ẹ̀rín lẹ́nu. Bó ṣe mọ̀ pé ìyàwó Ìsmáílà Ọláníyan ni mí, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ olóòlì. Ó ní nínú Ìjàpá yẹn lòun ti kọ́ ọkọ̀. Ó kó ẹnu jọ bíi bàbá rẹ, ó ní: "Má bẹ̀rù! Bíréèkì méjì ló wà níbí, tìẹ kan, tèmi kan!" Mo rẹ́rìn-ín títí. Ta ni kò gbọ́ gbólóhùn yẹn rí ní gbogbo Ojú Ore? Bíréèkì kejì yẹn, tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ olùkọ́ ní apá ọ̀tún, òun ló jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa ti Ìjókò wá sọ́dọ̀ bàbá rẹ. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lọ síbòmíràn.

Mo bi Ọ̀ṣìnúbí pé kí ni wọ́n máa ń sọ àwọn mọ́tò wọ̀nyí dà. Ó ní ilé-iṣẹ́ máa ń yọ́ wọn, wọ́n á di ọ̀pá irin tí àwọn bíríkìlà ń lò. Mo ní ṣé àwọn tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà ń rà á? Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ló ń rà á jù. Mo wá ń rò ó pé Ìjàpá lè padà wá sẹ́yìn ilé wa lóòótọ́, kó wà nínú òpó gbọ̀ngàn tó lé e jáde. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì bà mí nínú jẹ́.

Ṣùgbọ́n kò rọrùn láti gbà á padà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni tírélà ilé-iṣẹ́ náà ń bọ̀ wá kó ẹrù, Ọ̀ṣìnúbí sì ti ṣèlérí gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ fún wọn. Òfin kan ló wà lọ́gbà náà tó lè gbà mí. Ó ní: "Màmá, níbí yìí, ohun tí wọ́n bá gbé jáde, irin ni. Èyí tó bá fi táyà ara rẹ̀ yí jáde ní géètì, mọ́tò ni, mi ò lè fi ṣe irin. Àmọ́ ẹni tó bá ní tòun ni, òun fúnra rẹ̀ ló máa di sítíárìn mú." Ó ní òun ṣe òfin náà nítorí àwọn tó máa ń wá purọ́ pé tàwọn ni. Kò sì lè yẹ̀ ẹ́ nítorí tèmi, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń wò ó. Wàhálà dé! Ìyàwó olùkọ́ ọkọ̀ wíwà kò mọ ọkọ̀ wà, bí ìyàwó télọ̀ ṣe ń wọ aṣọ tó ya.

Mo lọ bá Fàlílù, mẹkáníìkì bàbá rẹ láti ìgbà pípẹ́. Ó bá mi wá táyà àlòkù, ó sì fi odidi ọjọ́ kan dùbúlẹ̀ sábẹ́ Ìjàpá láti tún bíréèkì rẹ̀ ṣe. Ó ní kí n má fòyà, bíréèkì ń mú dáadáa. Nígbà tí àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ dé, mo jókòó sídìí sítíárìn, Fàlílù jókòó sí ipò bàbá rẹ. Ọkàn mi balẹ̀ nítorí bíréèkì méjì la ní. Àwọn tó ń gé irin kóra jọ sẹ́yìn wa, wọ́n ń tì wá. Ọ̀kan ń pariwo pé, "Mama, hold am well o!" Èmi náà ń ka Bísímílàhì.

Àṣé ẹnu géètì ọgbà náà da gẹ̀rẹ́ sí títì. Bí a ṣe débẹ̀, ọwọ́ wọn kúrò lára mọ́tò, Ìjàpá sì ń dá sáré lọ. Mo rí tírélà kan tó ń bọ̀ lójú títì. Mo kígbe pé, "Fàlílù, tẹ bíréèkì!" Fàlílù gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ní: "Ìyá, tibí ò so mọ́ nǹkan kan o! Tiyín ni kí ẹ tẹ̀!" Àbẹ̀kẹ́, n kò mọ bí mo ṣe ṣe é. Mo gbé gbogbo ara mi lé e. Ìjàpá ké, ó mì, ó sì dúró. Imú rẹ̀ ti yọ síta, ìdí rẹ̀ ṣì wà nínú ọgbà. Ọ̀ṣìnúbí yí i po, ó wò ó títí, ó ní ìdajì mọ́tò ti jáde, òun fi ìdajì tó kù ta mí lọ́rẹ.

N kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí ìbéèrè mi fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ló túmọ̀ sí pé kò so mọ́ nǹkan kan? Fàlílù ká rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ kúrò, ó fi hàn mí. Irin tó yẹ kó so bíréèkì méjèèjì pọ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ní kò bàjẹ́, bàbá rẹ ló ní kí òun yọ ọ́, nígbà tí yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn olùkọ́ àti pásítọ̀ ń rọ́ wá kọ́ ọkọ̀. Bàbá rẹ rí i pé ẹni tó bá ti mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò dá ọkọ̀ dúró fún òun, kì í kọ́ bí a ṣe ń dúró. Ó fi ẹnu fún wọn ní bíréèkì kejì, ó sì fi ọgbọ́n gbà á lábẹ́ rọ́bà. Mo bi Fàlílù pé kí ló dé tí kò sọ fún mi kí a tó gbéra. Ó ní, "Ìyá, bí mo bá sọ, ṣé ẹ máa wọ̀ ọ́?" Ọ̀ṣìnúbí ti jókòó sórí ríìmù kan, ó di orí mú, ó ní, "Ṣé èmi nìkan ni mo ń dá ọkọ̀ yẹn dúró láti ọjọ́ yìí?"

Mo ní kí ni bàbá rẹ wá ń lò bí ọ̀rọ̀ bá le? Fàlílù nawọ́ sí bíréèkì ọwọ́ tó wà láàárín ìjókòó méjèèjì. Ibẹ̀ ni ọwọ́ òsì rẹ̀ máa ń wà, gbogbo wa rò pé bó ṣe máa ń jókòó nìyẹn. Rọ́bà orí rẹ̀ ti jẹ tán. Mo dì í mú, ohun kan sì sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Fàlílù, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń gbéra lọ́wọ́, tí olùkọ́ fa eléyìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀?" Ó ní, "Mọ́tò á já, á sì kú."

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ ni mo rántí. Ní ọdún tí ò ń dúró de ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, tí bàbá rẹ ń kọ́ ọ, o máa ń wọlé tìbínú tìbínú pé, "Mọ́tò ń kú mọ́ mi lẹ́sẹ̀." Lọ́jọ́ kan bàbá rẹ fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ara ògiri, ó ní ó tó, o kò ní wa ọkọ̀ náà mọ́. Kò sọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ìyàwó pásítọ̀ tó ti wó ògiri ẹlòmíràn jáde lọ kọ́ ọkọ̀. O sọ fún mi pé bàbá fi sùúrù kọ́ gbogbo ayé, ìwọ nìkan ni sùúrù rẹ̀ kò tó. Láti ìgbà náà lo ti gbà pé o kò ní làákàyè ọkọ̀ wíwà, tí mọ́tò tí o fi owó iṣẹ́ rẹ rà fi wà lábẹ́ tapólì, tí ò ń dúró de dẹ́rẹ́bà kí o tó lè jáde nílé rẹ.

Fàlílù ní ọjọ́ tí bàbá rẹ fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ yẹn, ó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù òun, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan nu èkejì. Ó ní: "Ọmọ náà mọ ọkọ̀ wà, ọwọ́ mi ni kò gbọ́ràn. Bí kò bá tíì sí nǹkan kan níwájú, ọwọ́ mi á ti fà á. Ọmọ ọlọ́mọ nìkan ni mo lè fi sílẹ̀ kó dá a wà." Bó bá sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, ọ̀rọ̀ á tàn dé gbogbo Ọ̀tà pé bíréèkì kan ṣoṣo ló wà. Mo bínú sí i níbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Mo dúró láàárín àwọn irin, mo bá òkú jà. Ó yẹ kó sọ fún ọ. Lẹ́yìn náà ni mo wo rọ́bà tó jẹ tán yẹn, inú mi sì rọ̀.

Ìjàpá ti wà nílé wa báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo fi ń pè ọ́ wá. Jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà rẹ wa mọ́tò abẹ́ tapólì yẹn dé Ọ̀tà nígbà ìsinmi, kí òun wọ ọkọ̀ èrò padà. Fàlílù yóò rán ọ létí ohun tí o ti kọ́. Lẹ́yìn náà, àwa méjèèjì la ó jọ jáde. Èmi ni màá jókòó lápá ọ̀tún. N kò ní bíréèkì kankan, n kò sì ní purọ́ fún ọ pé mo ní. Màá ká ọwọ́ mi méjèèjì sórí itan mi, màá sì máa wo ìta.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ ṣìnà. Kí ọ̀nà là fún ọ ní àlọ àti àbọ̀. Kí àwọn ọmọ rẹ rí ọ gbẹ́kẹ̀lé, kí ìwọ náà sì lè fi wọ́n sílẹ̀ nígbà tó bá yẹ. Kí Ọlọ́run forí ji bàbá rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tí kò sì yé béèrè,
Ràbíátù Ọláníyan.

Àfikún: Bí o bá ń bọ̀, bá mi ra wàrà, kí o ní kí wọ́n dín in dáadáa. Fàlílù ṣì fi irin tó yọ kúrò yẹn kọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó bi mí bóyá kí òun dá a padà sínú Ìjàpá. Mo ní kó jẹ́ kó wà níbẹ̀.