Àmì Pupa Tí Ẹ Fi Sábẹ́ Síídì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Pálọ̀ yín ní Kàbà ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, orí àga yín ni mo sì jókòó sí. Ẹ má bínú. Àga tó kù ni wọ́n ti kó aṣọ lé.

Mo ti ra ẹ̀rọ náà. Tiransipọ́ọ̀tù ni wọ́n ń pè é. Ká ní ẹ wà níbí ni, ẹ̀ bá ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, torí ẹ̀rọ síídì tí kò lè kọrin fúnra rẹ̀ ni. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó yí síídì, kó ka ohun tó wà lára rẹ̀, kó sì gbé e fún àpótí kejì tí yóò sọ ọ́ di ohùn. Nǹkan kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì gbówó lórí. Mi ò ní sọ iye rẹ̀ fún yín.

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí tí ẹ ti lọ. Mi ò tíì sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Èmi ń pín omi fún àwọn àlejò, mo ń ka àga, mo ń dá àwọn èèyàn lóhùn. Wọ́n ní mo ṣe ọkàn akin. Kì í ṣe ọkàn akin, Bàbá. Ara mi ló kú, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́. Mo ń retí kó jí.

Síídì ìdúpẹ́ àádọ́rin ọdún yín ni mo torí rẹ̀ ra ẹ̀rọ yìí. Ẹ rántí pé mi ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún yín pé wọn ò fún mi láyè níbi iṣẹ́. Irọ́ ni. Ó rẹ̀ mí ni, mo sì sùn sílé ní Àbújá. Ẹ fi síídì náà rán awakọ̀ sí mi, ẹ wé e sínú ọ̀rá méjì kí eruku má bàa dé ibẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tó wà ni, ẹ sì fún èmi tí mi ò sí níbẹ̀. Mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Nígbà tí ẹ pè mí, mo ní mo ti gbọ́ ọ, mo dúpẹ́ àdúrà. Ẹ bi mí pé ibo ló wù mí jù. Mo ní gbogbo rẹ̀ ni. Ẹ wá ń béèrè bóyá òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣé ẹ ti mọ̀ nígbà náà?

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó gbé e sínú ẹ̀rọ yín àtijọ́. Ó ń lọ dáadáa títí ó fi dé ìparí, níbi tí ẹ ti ń gbàdúrà fún àwa ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àkọ́bí wá. Èmi ni àbíkẹ́yìn. Kó tó kàn mí, ohùn yín bẹ̀rẹ̀ sí í já, ẹ̀rọ náà sì dúró. Mo yọ síídì, mo yí i padà. Kútẹ́ẹ̀sì pupa ti Màmá, tó ti ṣáájú yín lọ, ló wà létí rẹ̀, kò tó hóró àgbàdo.

Mo mọ àmì yẹn. Gbogbo abọ́ ilé wa ló ní in lábẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá ń yá abọ́ wa lọ síbi ìsìnkú ní Iyah-Gbede tàbí ìgbéyàwó ní Òkè-Bùkún, àmì yẹn ló ń mú wọn padà wálé. Ẹ̀yin náà ń yá ọ̀rẹ́ yín ní Ògìdì ní síídì, ẹ wá fi wọ́n ṣe bí abọ́. Ẹ dà wọ́n dojú dé, ẹ kán kútẹ́ẹ̀sì sí apá tó ń dán, létí, níbi tí ìparí orin máa ń wà. Tísà ìṣirò tó mọ gbogbo nǹkan, ẹ ò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ti ń kà á. Nínú ilé yìí, mi ò gbọ́ orin ìkẹyìn síídì kankan rí. Tó bá ti ń sún mọ́ ọn, ẹ ó ti dìde láti pa á. Mo rò pé ẹ kì í ní sùúrù ni.

Mo gbé síídì orin ìyìn kan tó ní àmì kan náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Àbújá, kí n fi dán ẹ̀rọ wò. Mi ò fẹ́ kí àjèjì gbọ́ ohùn yín. Ọkùnrin tó ń tà á ṣe sùúrù fún mi gan-an. Ó kìlọ̀ fún mi pé ohun tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì yóò jẹ ike síídì náà. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ lẹ́wà, òkè ni wọ́n ti ń ṣí i, ó wúwo bí ọlọ. Ó dé ibi àmì, ó dúró, ó padà síbẹ̀rẹ̀. Ìkejì ń pe ọ̀rọ̀ kan náà ṣáá títí a fi pa á. Ìkẹta dúdú, kò lẹ́wà rárá. Tí kò bá rí ibì kan kà, á fò ó, á sì máa lọ. Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi nítorí rẹ̀, torí àwọn tó mọ orin gbọ́ kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni mo rà. Mo ti kán kútẹ́ẹ̀sì sí abẹ́ rẹ̀ bí ti abọ́, níbi tí kò ti lè ba nǹkan kan jẹ́.

Ní ọ̀sán òní, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sọ́jà, mo so ẹ̀rọ náà mọ́ àpótí kejì, mo gbé yín sí i. Ó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe wúkọ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó gùn. Ẹ gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹ wá pe orúkọ mi, ẹ fà á bí ẹ ṣe máa ń fà á tí ẹ bá ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹ sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ yín yìí kò sí níbí, pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ pe Olúwa. Ẹ̀rọ náà fò.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo ìjọ ṣe Àmín. Ó le ju ti àwọn yòókù lọ.

Kí lẹ tọrọ fún mi, Bàbá? Mo bi ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó dé. Kò rántí mọ́. Ó kàn mọ̀ pé ó pẹ́ díẹ̀, ó sì lọ gbé ìkòkò kaná.

Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ìkarùn-ún, nígbà tó kù díẹ̀ kó fò, mo dìde lórí àga yín, mo dúró bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n ṣe Àmín, mo bá wọn ṣe é. Ojú mi gbẹ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣe é.

Ẹ bá mi kí Màmá.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.